Ìdodo Ara Gíláàsì

Ìyá mi, ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí ẹ sin Bàbá láìsí mi níbẹ̀. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa; ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn bó bá sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ ní ẹ fẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò ní àwọn ọmọ gíláàsì róbótó tí Bàbá ṣà jọ, kí wọ́n máa fi ta lórí ilẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n mọ́. Ẹ ṣe sùúrù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń pè wọ́n ní orogún yín. Nígbà tí Bàbá wà láyé, bí mo bá fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó níbí, ẹ máa ń ní, "Bàbá wọn, ìyàwó yín tún ti bímọ."

Níbi iṣẹ́ ìfọṣọ mi, mo rí ọ̀kan nínú àpò kóòtù lánàá. Mo fi han obìnrin tó gbé kóòtù wá, ó ní, "Olóògbé ọkọ mi ló ni ín. Máa mú un lọ." Mo fi àtàǹpàkò wá ìdodo rẹ̀ bí Bàbá ṣe kọ́ mi, ojú ibi tí wọ́n ti gé e lára ọ̀pá gíláàsì gbígbóná. Ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó dàgbà ju Bàbá lọ. Inú mi dùn, mo wá páálí, mo dì í. Mo ti kọ orúkọ Bàbá sí ara páálí náà kí n tó rántí.

Mo ti fi orúkọ tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá ìdodo náà, kí ẹ tò ó sáàrin àwọn àtijọ́. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Màá máa fi wọ́n ránṣẹ́.