Ọmọ Mi Ń Gba Oníbàárà Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa láràárọ̀. Ẹ má dárúkọ mi o, ẹ ṣáà pè mí ní Ìyá Onídìrí.

Ìjọba ti ní kí gbogbo iléèwé máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Tíṣà ọmọbìnrin mi ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn ní ohun tó ń ni wọ́n lára. Ọmọ mi bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní irun dídì tó ń le jù ni, àgàgà èyí témi ń dì!

Ló bá gbé àpótí sí ìkángun kejì fàráńdà mi, ó ń dirun fọ́mọdé láìsí ẹkún. Kò pẹ́, àwọn ìyá ń kí mi, wọ́n sì ń kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n lé e kúrò níbẹ̀. Mo ní ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Àní, orí mi ń wú!

Ní Sátidé, èmi náà jókòó síwájú rẹ̀. Ó ń dirun mi lọ, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kò le jù?" Olóòtú, láti kékeré mi, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dúró sí ìkángun tèmi ká jọ máa du oníbàárà, àbí kí n gbé àpótí mi lọ bá ọ̀gá mi tuntun?