Kéèkì Ìyá Marquell

Ẹ̀gbọ́n mi Odessa,

Ẹ kú òtútù Alaska o. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná náà tún ti bàjẹ́.

Ẹ á ti gbọ́ pé wọn ò ní pe ọlọ́pàá tó yìnbọn pa Marquell lẹ́jọ́. Ará ìlú méjìlá tí kóòtù yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ló ní kò yẹ. Lánàá, Cleophus ọkọ mi fọwọ́ lu tábìlì oúnjẹ: "Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n! Irú ìyá wo ló bí wọn gan-an?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá tó bí ẹ̀yin àti èmi ló bí ọ̀kan nínú wọn.

Gbogbo Ọjọ́rú tí mo ní mò ń lọ tọ́jú orúnkún, kóòtù ni mo ń lọ. Wọ́n mú wa búra pé ẹni tó bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ á ṣẹ̀wọ̀n. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá Marquell, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbé kéèkì wá fún mi. Ó ní, "Sístà Verlene, ìwọ nìkan ni o ò da ìbéèrè bò mí. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dìbò. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì dáná sun lẹ́tà yìí. Olúwa á pa gbogbo yín mọ́.

Ọjọ́ kẹta rèé tí kéèkì náà ti wà lórí tábìlì. Mi ò lè fẹnu kàn án.

Àbúrò yín,
Verlene