Ọ̀rọ̀ Ewúrẹ́ Tó Kẹ́yìn Dé

Òkè-Oyì,
Ìlọrin.

Múdàṣírù ọmọ mi,

Asalamu alaekun. Ṣé ara le, ṣé Èkó kò ni ọ́ lára? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ ká fi ẹkún pe orúkọ rẹ, àmíìn. Bàbá rẹ kí ọ. Àgbàdo wa ti yọmọ, a dúpẹ́.

Ohun tójú wa rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ rò fún ọ, torí o kì í wo gúrúùpù ẹbí lórí Wásáàpù. Abdulraheem àbúrò rẹ kọ ọ́ síbẹ̀ láti Gàmbàrí pé Lami ìyàwó òun ti ń rọbí, pé àwọn ti wà ní ọsibítù. A ń ṣàdúà lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ Àbùbákàr àbúrò mi wọlé: inna lilahi, kí Ọlọ́hun fún wa ní ìfaradà. Múdàṣírù, mo rò pé Lami ti kú ni. Mo pe Abdulraheem títí, kò gbé e. Bàbá rẹ wọ ẹ̀wù funfun, ó pe ọlọ́kadà, mo sì sunkún láti Òkè-Oyì dé Gàmbàrí, ọlọ́kadà pàápàá ń bá mi sunkún.

Àfi bí a ṣe wọ ọsibítù tí a bá Lami níjòókòó, tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bi wá pé ta ló ti yára sọ fún wa. Mo kàn dì mọ́ ọn ni.

Àṣé Màsúdát àbúrò mi ní Ṣàngó ló ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ewúrẹ́ òun kú, òun ni Àbùbákàr ń bá kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà kò dé fóònù mi títí a fi padà sílé. Bàbá rẹ ní bóyá bọ́ọ̀sì tó gbé e kò tètè kún ni. Èmi rò pé ewúrẹ́ yẹn ló sanra jù. Nígbà tí gbogbo wa wá ń kọ Alhamudulilahi, Màsúdát bínú, ó ní ṣé ikú ewúrẹ́ òun la ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́.

Bàbá rẹ ti wá pàṣẹ pé kí kálukú máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Màsúdát, kí ìyẹn tò ó bó ṣe dé, kó tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ó dára gan-an, àfi ọjọ́ tí Màsúdát lọ wáàsí tó pa fóònù, gbogbo ẹbí bá yadi.

O ní iṣẹ́ rẹ ni kí àwọn kọ̀ǹpútà tó jìnnà síra máa gba ọ̀rọ̀ bó ṣe tẹ̀ léra. Jọ̀ọ́, bẹ ọ̀gá rẹ kó bá wa sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé tí èsì bá ṣáájú ọ̀rọ̀ tó ń dáhùn, kó dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kò ní ìyàwó tó ń rọbí, àwa la ní.

Wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Nusaybah, imú rẹ ló gbé wá. Fi nǹkan ránṣẹ́ kí n fi raṣọ òtútù fún un, ká sì fi ra ewúrẹ́ mìíràn fún Màsúdát, kó lè dárí jì wá. Ní ti èyí, jẹ́ kí owó kọ́kọ́ dé, kí ọ̀rọ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tí yóò sunkún.

Ọlọ́hun á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, á fi ọ́ ṣe ìtura fún wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kùdírátù.