Maame Araba Esi Baidoo, Alágbe Orí Òkè (1946–2023)

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin apẹja tí ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ kú ẹ̀yẹ, ẹ kú ìdúró. Nsuanokrom, létí òkun àwọn Fante, ni a bí Maame sí ní oṣù Keje ọdún 1946. Papa Kwamena Otsiwa, apẹja tí kò bẹ̀rù ìgbì, ni bàbá wọn. Maame Efua Gyanwa, tó ń yan ẹja lábẹ́ igi àgbọn, ni ìyá wọn. Ọjọ́ Àìkú ni ìlú gbọ́ ìbí ọmọ náà, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Esi, bí a ti ń sọ gbogbo ọmọbìnrin tí a bá bí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ilé ìwé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Maame lọ láti 1953 títí di 1963. Ìkọ̀wé wọn dára débi pé ilé ìfìwéránṣẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ní 1965. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bá àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn lẹ́yìn odi. Ní 1968 ni Papa Ekow Baidoo, gbẹ́nàgbẹ́nà, gbé wọn níyàwó. Onísùúrù ni Papa Ekow. Ẹni tó bá fi alágbe ṣaya, sùúrù ni yóò fi ṣọkọ.

Ní 1974, lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, ìrọbí mú Adwoa, ẹ̀gbọ́n Maame. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà ti bàjẹ́, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Adwoa kò débẹ̀, ọ̀nà ló kú sí. Láti ìgbà náà ni Maame ti ń lá àlá kan ṣoṣo. Òkun a dákẹ́, a funfun bí omi ògì. Adwoa a dúró lórí òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé ọwọ́ lé ikùn, a ní, “Esi, níbo ni kí n jókòó sí?” Bí Maame bá ti la ẹnu láti dáhùn, wọn a jí. Wọ́n ní ilé nìkan ni ìdáhùn rẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí, lórí òkè yẹn gan-an.

Lẹ́tà mọ́kàndínlógójì ni wọ́n kọ sí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú lókè òkun. Méjì péré ló dáhùn. Ọ̀kan fi ìwé àdúrà ránṣẹ́. Ní 1981, èkejì ní òun yóò fún wa ní bẹ́ẹ̀dì àti irinṣẹ́ agbẹ̀bí, bí ìlú bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé, kó sì kan òrùlé sí i, kí ọdún 1986 tó parí. Inú bí àwọn kan. Maame ní, “Kí ló ń bí yín nínú? Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó wúwo.”

Nígbà ìkórè, abọ́ méje ni ìjọ wa ń tò síwájú pẹpẹ, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Oníkálukú a jó lọ fi owó sínú abọ́ ọjọ́ tí a bí i, ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá sì kéré jù, yẹ̀yẹ́ di tirẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Abọ́ méje yìí ni Maame bẹ̀ gbà fún ilé ìgbẹ̀bí. Maame fúnra wọn ni olórí àwọn ọmọ Àìkú. Papa Kobina Amissah, olórí apẹja, ló ń darí àwọn ọmọ Ìṣẹ́gun, Maame kò sì jẹ́ kí wọ́n rímú mí. “Ọmọ Ìṣẹ́gun! Ṣé ìgbì ló gbé àpò yín lọ ni, àbí ẹja ló ń bá yín náwó?” Ìjọ a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní 1985, nígbà tí ọkọ̀ ń ti òkun bọ̀ lófìfo, ẹ̀rín náà kan. Papa Kobina gbé abọ́ wọn kúrò nílẹ̀. “Esi, a ò ṣe mọ́. Ebi ń pa wá, a ò ní gba èébú kún un.” Gbogbo apẹja tẹ̀lé e jáde. Láìsí wọn kò sẹ́ni tí yóò ru búlọ́ọ̀kù gun òkè. Ògiri dúró sí ojú fèrèsé, ó ku ọdún kan péré.

Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni Maame lọ sunkún sí. Ìyá arúgbó náà ní, “Dákẹ́. Ara rẹ lo ń bú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bí ọ.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òkun wa ń sinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Keje 1946, kò sí oúnjẹ nílé, Papa Kwamena yọ́ lọ sójú òkun. Bí ìlú bá gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ bímọ, wọn a wá kí ọmọ, wọn a bèèrè bàbá rẹ̀, àṣírí a sì tú. Wọ́n fi ọmọ pamọ́ títí di Àìkú, kí ẹnikẹ́ni má baà ronú kan Ìṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Bí ó bá jáde, orúkọ bàbá tó ti kú ni yóò bàjẹ́, àwọn àbúrò Maame sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e mì. Ọjọ́ mẹ́ta ni Maame kò fi jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n tún lá àlá náà. Bí wọ́n ti jí, wọ́n fa àgùntàn kan, ìtanràn ẹni tó bá ba ìsinmi òkun jẹ́, wọ́n mú un gba etí òkun lọ sílé Papa Kobina lójú gbogbo ayé.

Wọ́n kúnlẹ̀. “Papa, ìtanràn bàbá mi rèé. Èmi kì í ṣe Esi. Araba ni mí. Ọmọ Ìṣẹ́gun ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Papa Kobina wo àgùntàn, ó wo Maame. “Ìwọ elẹ́nu ṣóńṣó yìí? Tiwa ni ọ́?” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Araba, owó ò sí o. Mi ò ní tàn ọ́.”

“Ẹ má fún mi lówó, Papa. Ẹ fún mi ní Ìṣẹ́gun.”

Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, bí òkun ti ń sinmi, àwọn apẹja ru búlọ́ọ̀kù, wọ́n tò gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Papa Ekow kan òrùlé parí ní oṣù Kọkànlá 1986, bẹ́ẹ̀dì sì dé. Maame tún lá àlá wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní Adwoa ti jókòó, ó sì ń wo òkun, kò bèèrè nǹkan kan mọ́.

Papa Ekow ti ṣáájú wọn lọ ní 2009. Maame fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Kojo, Ekua àti Adwoa kékeré, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti gbogbo ọmọ tí a gbẹ̀bí wọn lórí òkè, tí wọ́n ń pe Maame ní Nana, ìyá àgbà. Ó dùn wá púpọ̀ pé a kò ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá 2023, ni Maame sùn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má sin àwọn ní Àbámẹ́ta bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. “Ìṣẹ́gun ni kí ẹ sin mí. Àwọn èèyàn mi á wà nílé.” Ní ilé ìgbẹ̀bí, ògiri yàrá tí àwọn aboyún abúlé òkèèrè yóò máa gbé de ìrọbí ṣì wà ní ojú fèrèsé. Nítorí náà, ẹ má mú òdòdó wá. Búlọ́ọ̀kù wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà itẹ́ òkú sì gba ẹsẹ̀ òkè kọjá. Bí a bá ń bọ̀, kí ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e ru ẹyọ kan. Dókónò, ẹ̀kọ àgbàdo wa, àti ẹja díndín ń bẹ lórí òkè, kò sí nísàlẹ̀. Maame ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Araba, ọmọ Ìṣẹ́gun, ká ọwọ́ alágbe rẹ kò. Ẹrù náà ti wà lórí wa. Òkun ń sinmi lónìí, ìwọ náà sinmi. Sùn re o.