Ìwé Ẹ̀sùn Lórí Ilé Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n wa orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má dárúkọ mi o. Télọ̀ ni mí.

Láti kékeré tí ìjọba ti gba ilé bàbá mi, n kì í gba àdúgbò yẹn kọjá. Nígbà tí mo gbọ́ pé òfin fún àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lágbára láti dá irú ilé bẹ́ẹ̀ padà, mo kọ ìwé ẹ̀sùn, mo ní kí onítakisí gbé mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Iwájú ilé wa ló já mi sí! Òun ni ìjọba fún àjọ náà lò bí ọ́fíìsì. Ibi tí ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ti dá ihò sára sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ni akọ̀wé wọn gbé tábìlì lé.

Ó gba ìwé mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Mọ́mì, ẹ máa lọ sílé, a máa pè yín."

Ó ti sú mi. Ṣé àwọn yìí máa lé ara wọn jáde ni? Ẹ̀yin olùgbọ́, ilé wo ni kí n lọ?