Wọ́n Fẹ́ Ya Àwòrán Inú Mi

Ọmọ mi, ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ olórí pípá yẹn kò tíì lé ọ? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó sì fún ọ ní ọkọ tí kì í sọ̀rọ̀ jù bí èmi bàbá rẹ. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ lẹ́tà tó o kọ kẹ́yìn kí n tó kà á tán, nítorí náà, tó o bá béèrè nǹkan níbẹ̀, tún un béèrè.

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo ti ń kọ èyí. Má fò sókè. Dókítà ló ní kí wọ́n ya àwòrán inú mi. Bí mo ṣe gbọ́ àwòrán, mo fá irùngbọ̀n, mo wọ bàtà dúdú tó o rà fún mi. Àfi ìgbà tí mo débí tí nọ́ọ̀sì ní kí n mu omi ìgò ńlá méjì, kí n má sì tọ̀ rárá, pé àpò ìtọ̀ mi gbọ́dọ̀ kún kí wọ́n tó lè rí mi. Mi ò bá a jiyàn. Kò sí ọ́fíìsì tí mo wọ̀ rí tí wọ́n ti rí mi nígbà tí àpò mi ṣófo.

Akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù jáde, ó bi mí bóyá mo lóyún. Mo ní kó kọ ọ́ pé a ò tíì mọ̀, ṣebí ohun tí mo wá yàwòrán fún nìyẹn. Àwọn aboyún tí a jọ jókòó bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ní oṣù mélòó ni tèmi. Mo ní mi ò mọ oṣù, ṣùgbọ́n omi mi ti fẹ́ bẹ́.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn rèé. Kí n tó kúrò nílé, ìyá rẹ ní gbogbo ohun tí mo fi sínú ni ẹ̀rọ yẹn máa tú síta lónìí. Àyà mi já. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹran tó sọnù nínú ìkòkò rẹ̀ ló ń wí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ̀rọ tó bá mi sọ ọ́. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún ti ń dùn mí. Gbogbo ìgbà tó o bá pè tí mo ní ara mi le koko, irọ́ ni. Ọjọ́ tí mo kọrin fún ọ lórí fóònù, igbe ni, mo kàn sọ ọ́ dorin ni.

Wọ́n ti ń pè mí. Mò ń bọ̀.

Mo ti dé. Ilé ìtọ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sí, aboyún yẹn ní òun rò pé òjò ló ń rọ̀. Wọ́n fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ kun ikùn mi. Ayàwòrán kò ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín fúnra mi. Àwòrán dúdú òun funfun ni, bàtà mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ní òkúta kékeré kan wà nínú kíndìnrín mi. Mo yáa búra fún un pé ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi ṣe bíríkìlà, mi ò gbé òkúta oníbàárà kankan lọ sílé. Dókítà ní àwọn máa yọ ọ́ ní Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù yìí.

Ẹ̀rọ náà rí òkúta. Kò rí ẹ̀rù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni mo fọwọ́ ara mi kọ ránṣẹ́ sí ọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Àpò ìtọ̀ mi ti ṣófo báyìí, àpò ẹ̀wù mi ti ṣáájú rẹ̀ ṣófo. Tàbí kó o kúkú gbé e bọ̀ fúnra rẹ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ẹtì yẹn. Ra férémù dání. Mo fẹ́ gbé inú mi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbà tó o gboyè, kí ìyá rẹ lè máa rí i lójoojúmọ́ pé kò sí ẹran kankan níbẹ̀.

Inú tìrẹ á máa dùn, kò ní rí òkúta. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ ti hàn síta.