Ìbuwọ́lùwé Orogún Mi

Sabon Gari, Zaria,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Asiyah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́hun tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ sú ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ nígbà tí o bá ń sọdá títì. Ara tèmi le. Ọyẹ́ ti wọlé, eruku ń wọ inú aago gbogbo èèyàn, nítorí náà àwọn oníbàárà ń wá díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ náà wà. Ìyá rẹ wà dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó sì mú mi kọ̀wé yìí nìyẹn.

Mi ò fi fóònù pè ọ́ nítorí pé ọwọ́ ìyá rẹ ni fóònù ilé wà, mo sì ti ṣàkíyèsí pé fóònù yẹn máa ń gbè lẹ́yìn ẹni tó bá gbé e dání. Awakọ̀ tó gbé ẹrù rẹ wá nígbà Iléyá ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Tí o bá fẹ́ fèsì, ṣọ́ọ̀bù ni kó gbé e wá, kò gbọdọ̀ gbé e wá sílé.

Inú ẹrù Iléyá yẹn lo fi fọ́tò Dìran Ajíbẹ́wà sí fún ìyá rẹ, òṣèré tí gbogbo obìnrin àdúgbò wa ń pariwo orúkọ rẹ̀. O ní ẹ pàdé níbi tó ti ń ra búrẹ́dì, o sì ní kó kọ nǹkan sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé, mo ti há a sórí láìfẹ́: Sí Raliat ọ̀wọ́n, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ ọkàn mi. Ó wá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Gbogbo, Asiyah. Kò ní díẹ̀, kò ní ìdajì. Tó bá ti kó gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, kí ló kù fún ìyàwó tirẹ̀ nílé? Òkè orí ibùsùn ni ìyá rẹ gbé e kọ́. Tí mo bá dùbúlẹ̀, eyín ọkùnrin yẹn ni mò ń wò, eyín náà sì funfun, mi ò ní purọ́. Ìyá rẹ a máa kí i láàárọ̀ kó tó kí mi. Mò ń jowú, mo sọ ọ́ jáde. Mo wá rò ó pé tí kì í bá ṣe Dìran ló kọ ọ́ lóòótọ́, a jẹ́ pé ìyàwó mi ṣì jẹ́ tèmi nìkan.

Mo kọ́kọ́ bi Ramlah, aládùúgbò wa, nítorí ó mọ fóònù. Ó ṣí ojú ewé Dìran fún mi, ó ní èèyàn mílíọ̀nù kan ló ń tẹ̀ lé e. Mo ní wọ́n ń tẹ̀ lé e lọ síbo? Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí èrò tó báyẹn ń tẹ̀ lé, ó tún ráyè máa tẹ̀ lé ìyàwó oníyàwó ní Zaria. Ramlah tún fi máàkì búlúù kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, bí èyí tí tíṣà máa ń fà sí ìwé ẹni tó gbà á, ó ní òun ló fi hàn pé ojúlówó ni. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń tún aago ṣe, ẹnikẹ́ni kò fa nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi rí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìyá rẹ ti tẹ ọkàn pupa sábẹ́ àwòrán rẹ̀ mẹ́rìnlá. Ọkàn o, àní ọkàn.

Lọ́dún tó kọjá, báǹkì dá mi padà pé ìbuwọ́lùwé mi kò jọ ti ọjọ́ tí mo ṣí àkáǹtì, nítorí náà mo mọ̀ pé àwọn ni adájọ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ sí asálátù, mo fi ìwé ìròyìn wé fọ́tò náà, mo gbé e lọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ń bèèrè kí ni èmi àti ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ wá jẹ́ síra wa, mo kọ ọ́ pé orogún ni wá. Ó kà á, ó wò mí, ó tún un kà. Ó ní Baba, ka yi haƙuri, ẹ ṣe sùúrù, kò sí àkáǹtì kankan tó ń jẹ́ Dìran Ajíbẹ́wà lọ́dọ̀ àwọn. Inú dídùn ni mo fi kúrò níbẹ̀. Ó léyín funfun, kò lówó ní báǹkì.

Matthew tó ń ya fọ́tò ní Kwangila ló wá là mí lójú. Ó ní Baba Mai Agogo, ẹ má wo eyín rẹ̀ mọ́, báírò ni kí ẹ wò. Mo ki awò tí mo fi ń wo inú aago bọ ojú. Ìbuwọ́lùwé ìsàlẹ̀ yẹn, àmì tótòtó kéékèèké ló kóra jọ, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dìran inú fọ́tò náà ṣe rí. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú rẹ̀. Matthew ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ó kù díẹ̀ kí n jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ibi tí Raliat ọ̀wọ́n wà, ó wú. Báírò ló tẹ ibẹ̀, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Owú tún gbé mi. Mo wo R inú Raliat, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síta bí ẹni ń tàpá. Asiyah, èmi ni mo kọ́ ọ ní R. Mo bá ẹsẹ̀ R yẹn jà fún odindi ọdún mẹ́ta, kò gbọ́. Ọwọ́ rẹ ni.

Mi ò bínú, ara tiẹ̀ tù mí. Mo sáré wálé kí n lọ tú àṣírí, mo bá ìyá rẹ tó ń wá fọ́tò rẹ̀ kiri, omi ti lé sójú rẹ̀. Nígbà tí mo fà á yọ, ó fi etí ìborùn nù ún, ó sì rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e níyàwó. Mo fi àṣírí náà sínú, mo gbé fọ́tò náà padà sókè orí ibùsùn. Ó dùn mí pé kì í ṣe èmi ni ó ń rẹ́rìn-ín yẹn sí.

Mo padà sọ́dọ̀ Matthew, ó ya èmi náà, tèmi ti fìlà. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀: Sí Raliat ọ̀wọ́n, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ ọkàn mi. Mo buwọ́ lù ú bí báǹkì ṣe fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ gbé e lọ sójú fèrèsé, ó dà á síwá sẹ́yìn, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayédèrú ni. Ó ní láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mi ò pe òun ní ọ̀wọ́n rí, ti Dìran ni mo dà kọ. Ó ní tó bá jẹ́ tèmi ni, kí n fẹnu sọ ọ́ kí òun gbọ́. Mo lanu, ohun tó jáde ni pé ṣé tùwó ti jinná. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni tèmi wà báyìí, Dìran ṣì wà lókè orí ibùsùn.

Jọ̀ọ́, fi owó férémù ránṣẹ́, kí gíláàsì tèmi fi ìka méjì ju ti Dìran lọ. Kí o sì kọ̀wé sí ìyá rẹ. Má tú àṣírí Dìran o, jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín rẹ̀. Sọ fún un pé o ti yẹ tèmi wò, pé ojúlówó ni. Ìwọ tó o jẹ́rìí èké fún ọkùnrin tí kò mọ̀ wá rí, wá jẹ́rìí òtítọ́ kan ṣoṣo fún bàbá rẹ.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ, á bù sí i fún ọ, á sì fi ọ́ pàdé ọkọ tó lè fẹnu sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bẹ̀llò Mai Agogo.